Ibi Tí Fèrè Báàkí Ti Ń Wọlé

Ìyàwó mi, Sàlíhátù, ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan. Àbdùlbáàkí ni orúkọ rẹ̀. Báàkí ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ń fọn fèrè idẹ nínú ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n ń pè ní Ìràwọ̀ Márùn-ún. Àwọn méje ni wọ́n. N kò mọ ìdí.

Ní ọdún 1967 wọ́n lọ sí Èkó, wọ́n gba ohùn orin méjì sílẹ̀ sórí àwo kékeré kan, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lẹ́yìn. Èyí tó wà lójú ni "Sìsí Aláṣọ Búlúù". Àwo náà kò tà. Ọdún kẹrin lẹ́yìn náà, ọkọ̀ dànù ní ọ̀nà Bídà, Báàkí sì kú. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Fọ́tò rẹ̀ kan wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò hàn dáadáa níbẹ̀. Àwo yẹn ló kù.

Mo fẹ́ Sàlíhátù ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí, ní Minna níbí. Yàrá méjì la háyà ní Kpakungu. Ó gbé àpótí aṣọ wá, ó sì gbé àwo náà wá, ó fi ìborùn wé e. Èmi ni mo ra giramófóònù.

Fèrè náà kò pẹ́ nínú orin. Akọrin á kọ tirẹ̀, fèrè á wọlé láàárín, kí o sì tó ka ogún, ó ti tán. Ibẹ̀ nìkan ni ìyàwó mi ń fẹ́ gbọ́. Tó bá ti tán, á ní, "Ẹ dá a padà." Màá gbé abẹ́rẹ́ sókè, màá dá a padà. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò níbẹ̀. Mo ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nígbà náà: mo gbé owó kọ́bọ̀ kan lé apá tó di abẹ́rẹ́ mú, kó lè wúwo. Kò fò mọ́.

Kọ́bọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Abẹ́rẹ́ wúwo, ó ń ha ojú kan náà lójoojúmọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1983, tí orin bá dé ibi fèrè, ṣààà la ń gbọ́, bí òjò lórí páànù. Akọrin á kọrin, òjò á rọ̀, akọrin á tún kọrin. Àwa tí a fẹ́ràn fèrè náà la fi etí jẹ ẹ́ tán.

Ìgbà náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Sàlíhátù ní Báàkí máa ń wọlé kí akọrin tó pa ẹnu dé. Mo ní rárá, akọrin á dákẹ́ ná, fèrè á wá tẹ̀ lé e. Ó ń fi ẹnu fọn tirẹ̀, mò ń fi ẹnu fọn tèmi.

"Báàkí ò lè dúró de nǹkan kan," ó ní. "Nílé wa ní Ìlọrin, kí wọ́n tó ní ká wá jẹun, ó ti fọwọ́ bọ ọbẹ̀."

"Ọbẹ̀ kọ́ là ń sọ. Orin là ń sọ."

"Kí lẹ mọ̀ nípa orin? Ẹ̀yin tí wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn láti àárọ̀ tí ẹ ò ní í gbọ́."

"Fèrè ọkọ̀ ojú irin ni mò ń gbọ́ lójoojúmọ́. Mo mọ ìgbà tó yẹ kí fèrè dún."

Rahmah, ọmọ wa, tí Hausa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, á yọrí láti ẹnu ọ̀nà. "Haba! Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo lẹ máa jẹ́ kí Kàwú mi sinmi?" Bẹ́ẹ̀ làwọn Hausa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá. Kò mọ ọkùnrin náà rí.

Ogún ọdún la fi ja ìjà yẹn. N kò lè sọ pé kò dùn mọ́ mi.

Ní ọdún 1999 mo ti fẹ̀yìn tì. Mo lọ sí àdúgbò Bosso lọ́jọ́ kan. Sirajudeen, ọmọ Ìlọrin kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, pè mí bí mo ṣe ń kọjá.

"Bàbá Rahmah, ẹ wá gbọ́ nǹkan. Àwọn orin ìgbà yín. Wọ́n ti fọ̀ ọ́."

"Kí ni wọ́n fọ̀?"

"Orin náà. Wọ́n ń kó àwọn àwo kékeré tí kò sí lójà mọ́ jọ, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ohùn wọn, wọ́n wá ń tẹ̀ ẹ́ sórí síídì. Ẹ gbọ́."

Ó fi ọ̀kan sí i. Orin kan tí mo gbọ́ kẹ́yìn nígbà tí mo ṣì ní irun lórí ló bẹ̀rẹ̀. Kò sí ṣààà nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ìgbà tí ẹni tó ń ta jìtá gbé ìka kúrò lára okùn. Mo dúró nínú oòrùn títí orin náà fi tán.

Apá kìíní ni. Mo rà á. Mo ka gbogbo orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìràwọ̀ Márùn-ún kò sí níbẹ̀. Apá kejì jáde, mo rà á. Wọn kò sí níbẹ̀. Apá kẹta, bákan náà. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn wọn fún ara wọn. Mẹ́rin nínú àwọn orin tí wọ́n fọ̀ náà, mo ní àwo àtijọ́ wọn nílé. Màá gbọ́ ti àtijọ́, màá gbọ́ ti tuntun. Nínú ti tuntun ni mo ti mọ̀ pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà nínú orin kan tí mo ti ń gbọ́ láti ọgbọ̀n ọdún.

Ìyàwó mi bá mi níbi tí mo ti ń kan pákó mọ́ ògiri láti to àwọn síídì náà sí.

"Ṣé ọṣẹ Omo ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ni?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà ò mọ Báàkí," ó ní, ó sì kọjá lọ.

Ní ọdún 2002, sẹ́yìn páálí apá kẹrin, wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ pé àwọn ń wá àwọn àwo kan. Ẹ̀kẹta nínú wọn ni "Sìsí Aláṣọ Búlúù". Wọ́n ní ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti kán, ìbẹ̀rẹ̀ orin kò sí. Ẹni tó bá ní òmíràn, kó jọ̀ọ́, kó mú un wá sí Súrùlérè.

Mo kà á fún Sàlíhátù.

"Ìbẹ̀rẹ̀ ni tiwọn ò ní," mo ní. "Àárín ni tiwa ò ní."

"Rárá."

"N kò tíì béèrè nǹkan kan."

"Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ béèrè. Tó bá fọ́ lọ́nà ńkọ́? Ọ̀nà ló gba Báàkí fúnra rẹ̀. Kí ọ̀nà tún wá gba èyí?"

Òótọ́ ló sọ.

Ó tó oṣù mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ń fi ẹnu fọn fèrè náà bó ṣe máa ń ṣe. Ó dé àárín, ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró níbì kan náà.

"Bàbá Rahmah, ṣé ó ń gòkè níbẹ̀ ni, àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀?"

Mo ronú. Ó wù mí kí n parọ́.

"N kò mọ̀ mọ́," mo ní.

Ó ṣa ẹ̀wà náà tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwo náà wà lórí tábìlì. Ó ti fi í sáàárín páálí méjì, ó ti fi ìborùn àtijọ́ yẹn wé e.

"Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ gbé e lọ," ó ní. "Ẹ má gbé e sí búùtù. Ẹ má gbé e sílẹ̀ rárá."

Orí itan mi ló wà láti Minna dé Èkó. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá dígí ni mo gbé. Mo ní àna mi ni. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúmidé ló gbà á lọ́wọ́ mi ní Súrùlérè. Òun ló ń fọ àwọn orin náà. Ó gbé e sábẹ́ iná, ó fi awò wò ó.

"Bàbá, ẹ ti gbé owó lé abẹ́rẹ́ lórí èyí."

Ojú tì mí. "Kọ́bọ̀ kan ni."

"Bí gbogbo èyí tí wọ́n fẹ́ràn ṣe máa ń rí nìyẹn, sà. Bàbá tó ni èyí tó wà lọ́wọ́ wa, kò gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ó wá lọ jókòó lé e."

Ó gba ohùn àwo wa sínú kọ̀ǹpútà níṣojú mi, ó sì dá àwo náà padà fún mi. Ó ní òun á fi ìbẹ̀rẹ̀ tiwa so mọ́ ìyókù tiwọn. Ó ní ṣé kí òun fi ibi fèrè fún mi gbọ́ nínú tiwọn. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ. Mo ní kó má ṣe é. Ẹnìkan wà nílé tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Oṣù mọ́kànlá kọjá kí apá karùn-ún tó jáde. Sirajudeen kò dúró kí n wá. Ó gun ọ̀kadà wá sí Kpakungu, ó ń fi Hausa kí wa, ó ń pariwo láti ìta.

"Sannunku! Ìyá Rahmah! Ẹ̀gbọ́n yín ti dé o!"

Sàlíhátù wọ yàrá lọ. Ó jáde pẹ̀lú gèlè lórí, bí ẹni tí àlejò dé bá. Ó jókòó. Rahmah wà nílé lọ́jọ́ náà. Òun náà jókòó. Mo fi síídì sínú ẹ̀rọ. Orin kẹsàn-án ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ara tiwa ló ti wá. Mo dá a mọ̀. Akọrin kọrin, ó ń kọ ọ́ lọ. Mo di apá àga mú. Akọrin kò tíì pa ẹnu dé, fèrè ti wọlé.

Sàlíhátù kò wò mí. Ó kàn na ìka kan sókè.

Fèrè náà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Lẹ́yìn rẹ̀ nǹkan kan wà tí giramófóònù wa kò jẹ́ ká gbọ́ rí, kódà nígbà tí àwo ṣì tuntun. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀:

"Báàkí, sùúrù."

Sàlíhátù bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí gèlè nu ojú.

"Ṣé ẹ gbọ́? Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Kì í ṣe èmi nìkan!"

"Mo gbọ́."

"Ogún ọdún!"

"Mo gbọ́, Sàlíhátù."

"Kí lẹ wá wí?"

"Ó yára wọlé."

"Alhamdulillahi," Rahmah ní. "Kàwú mi ti sinmi."

Ìyá rẹ̀ sún àga rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ dá a padà," ó ní.

Mo dìde. Mo ti dé iwájú ẹ̀rọ kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ mi wà nínú àpò, ó ń wá kọ́bọ̀.