Irun Ta Ló Nípọn Jù?

Ìyàwó tuntun kan wà tí kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Iṣẹ́ irin ló ń ṣe: ó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ọ̀pá irin, bó bá sì fi bíńtín ṣìṣe, iṣẹ́ bà jẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n onísíkúrúù rẹ̀ kì í fi í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Ó rí bí ẹnu akàn: èèyàn á ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á yí ìdí rẹ̀ títí ẹnu á fi pa dé, á wá ka àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó ń nù ún nígbà tí bàbá ọkọ rẹ̀ rí i. Télọ̀ ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, ohun ìwọ̀n kì í sì í kọjá lójú rẹ̀ lásán.

"Ìyàwó, kí lèyí lè wọ̀n?"

"Ohunkóhun tó bá tín-ín-rín, Bàbá. Irun gan-an."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Bàbá wọn ìwé, ó wọn ewé, ó wọn bọ́tìnì ọrùn ara rẹ̀. Ó ń fún un bí ẹni ń fún aṣọ tútù.

"Ẹ rọra, Bàbá. Ìrù kékeré ìdí rẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ máa yí. Tó bá ti dún ká-ká-ká, ó ti tó."

Nígbà tó mọ̀ ọ́n yí tán, ó kọjú sí ilé ìdáná. "Ìyá àwọn ọmọ! Irun mi nípọn ju tìẹ lọ!"

"Irọ́ ni!" Màmá jáde, ọ̀bẹ àlùbọ́sà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyàwó, wá dá ẹjọ́ yìí."

Ìyàwó rò ó wò. Ta ló ń dá àna lẹ́bi nílé àna? Bó bá dá Màmá láre, Bàbá á bínú; bó bá dá Bàbá láre, ilé ìdáná kan náà lòun àti Màmá jọ ń wọ̀.

Ó wọn irun Màmá: ìlà méje. Bàbá yí ẹ̀yìn sí wọn, ó fa tirẹ̀ tu: ìlà mẹ́rìnlá.

"Ìlọ́po méjì!" Bàbá bẹ́ sóde ijó.

Ìyàwó tún irun náà wò. Ó le gan-gan bí irun búrọ́ọ̀ṣì. "Bàbá, ẹ má bínú, níbo lẹ ti fà á tu?"

Bàbá wúkọ́. Màmá na ọwọ́, ó ṣí fìlà lórí rẹ̀. Orí ń dán gbinrin, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀.

"Irùngbọ̀n lẹ fà tu, ẹ̀yin ọkùnrin yìí!"

"Irun ni gbogbo irun ń jẹ́. Ta ló dárúkọ orí?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Màmá fi èékánná wá abẹ́ àgbọ̀n tirẹ̀, ó já nǹkan kan tu, pẹ́! "Ó yá, wọ̀n ọ́n."

Ìlà mẹ́rìndínlógún.

Ìyàwó fẹ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ kéde rẹ̀. "Màmá ló… Màmá ló mókè…" Ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì rẹ́rìn-ín báyìí lójú wọn rí. Bàbá ṣubú lé àga, ó di ikùn mú: "Onírùngbọ̀n ni mo fẹ́, mi ò mọ̀!"

Ibi tí wọ́n ti ń nu omijé ẹ̀rín ni ọkọ ìyàwó ti wọlé.

"Kí ló dé?"

Màmá yára bo àgbọ̀n. "Ọ̀rọ̀ àwa obìnrin ni."

"Ó kan èmi náà," ni Bàbá wí, ó sì mú fìlà rẹ̀ dé padà.