Àtẹ́lẹwọ́ Lẹ́nu Ihò Afẹ́fẹ́

Tó bá di ti ọkọ̀ ńlá, àwa tí à ń yẹ ọkọ̀ wò níbi eré-ìje mọ iṣẹ́ wa níṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí àwọn tó níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ fi ń sáré lópin ọ̀sẹ̀ ni kò yé wa. A ó wo táyà, a ó tẹ bíréèkì, a ó ní kí wọ́n máa lọ. Àwọn awakọ̀ ní bí èèyàn bá so ewúrẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ò ní rí i.

Nígbà tó sú ọ̀gá wa, ó pe mẹkáníìkì àgbà kan tó ti tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun, pé kó wá kọ́ wa. Ọkọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n jọ gbé wá. Ọmọ náà ló wà níwájú nínú ìdíje ọdún yẹn, eré kan ṣoṣo ló kù kó gba ife.

"Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó mọ́," bàbá náà ní, "kí ẹ tó lè dá èyí tó dọ̀tí mọ̀."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò láàárín, tó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, hàn wá. Ihò yẹn nìkan ni òfin ní kí ẹ́ńjìnnì máa gbà fa afẹ́fẹ́ sínú, kí agbára gbogbo ọkọ̀ lè dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe màgòmágó á dá ọ̀nà afẹ́fẹ́ mìíràn síbi tójú ò tó.

"Ẹ má wulẹ̀ fojú wá a. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fàtẹ́lẹwọ́ dí ihò yìí. Bó bá kú, ó mọ́. Bí kò bá kú, ó ń mí níbòmíràn."

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká lo ọkọ̀ mìíràn," ọmọ rẹ̀ ní.

"Tan án."

Èmi ni bàbá náà pè. Mo fọwọ́ dí ihò náà. Ohùn ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ díẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ọwọ́ rẹ ò dí i dáadáa." Ó sún mi sẹ́yìn, ó fi tirẹ̀ síbẹ̀. Kò kú. Ó fi ọwọ́ kejì lé ti àkọ́kọ́. Kò kú síbẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo ń bẹ ẹ́ńjìnnì náà nínú ọkàn mi pé kó jọ̀ọ́, kó kú.

Ọmọ náà ló pa ẹ́ńjìnnì náà. "Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, Bàbá mi. Èmi ni mo lu ihò sábẹ́ rẹ̀."

Ọ̀gá wa wúkọ́. "Bàbá, ẹ̀kọ́ la wá kọ́ lónìí, a ò wá yẹ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni wò."

Ọ̀nà àbáyọ ló là fún un. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bó bá gbà á, n kò ní bá a wí.

Bàbá náà fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje," ó ní. Ó na tọ́ọ̀ṣì sí ọmọ náà. "Fi ibẹ̀ hàn wọ́n."

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà ń ṣàlàyé, ó ń sunkún, bàbá rẹ̀ sì ń tún un sọ níbi tó bá ti ṣì í sọ.