Àlejò Ọdọọdún

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Perihan, ẹ má sọ fún un pé mo wà níbí."

Feride ló sáré wọ ilé ìdáná láìwọ bàtà, tó lọ lúgọ sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun. Perihan ń gé tòmátì sí oúnjẹ àárọ̀ àwọn àlejò, ó kọ́kọ́ rò pé eré ni. Àfi ìgbà tí obìnrin náà gbé ọrùn sókè. Ipa ìka ọwọ́ hàn níbẹ̀ gbangba, ó pọ́n bí ẹni pé iná ló jó o.

"Tarik ọkọ ẹ ló ṣe èyí?"

Feride fa ọrùn aṣọ rẹ̀ sókè. Ìgbà yẹn ni Perihan wá rántí pé gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ti ń wá gbafẹ́ nílé àlejò òun ní Taslik létí òkun, aṣọ alápá gígùn lobìnrin yìí máa ń wọ̀, nínú oòrùn tó ń sán àpáta. Ó ní awọ òun ò fẹ́ oòrùn. Perihan sì gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wúwo, torí Tarik kì í ṣe àlejò lásán. Ọdọọdún lòun àtìyàwó rẹ̀ ń ti Ankara wá gba yàrá tó kọjú sókun. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí àyà dídùn mú Rasim, ọkọ Perihan, tó ṣubú sínú ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀, Tarik ló gbé e sínú mọ́tò, tó sáré gba ọ̀nà orí òkè títí dé ọsibítù. Dókítà ní ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti di ti ìsìnkú.

"Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹ káàárọ̀ o!" Tarik ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ń ta sánsán. "Ìyàwó mi dà? A fẹ́ lọ wo ahoro orí òkè kí oòrùn tó mú."

"Ó ti ṣíwájú ẹ lọ," Perihan dáhùn. Ó gé tòmátì mìíràn.

"Láìwọ bàtà? Bàtà ẹ̀ wà ní yàrá."

"Mo yá a ní sálúbàtà mi."

Tarik wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí ẹsẹ̀ padà sọ́nà òkè.

Perihan ò dúró. Ó lọ bá Rasim níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe létí omi.

"Bàálé mi, Feride sá pamọ́ sílé ìdáná. Ẹ bá mi fi ọkọ̀ gbé e dé ìlú kejì, kó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìyá ẹ̀. Tarik ti fẹ́ fún un lọ́rùn pa."

"Perihan, má kó mi sí wàhálà. Ta ní ń dá sọ́rọ̀ tọkọtaya? Ẹni tó gbẹ̀mí mi là! Ojú wo ni n óò fi wò ó?"

"Ojú tí ẹ fi ń wò mí yìí náà ni."

Wọ́n ṣì wà lórí ẹ̀ tí Tarik fi já dé, tòun tòógùn. Ó jókòó sétí ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí lókè o. Ṣé ẹ rí i?"

"N ò rí i." Rasim ò gbójú sókè.

"Kò burú." Tarik lu àpò rẹ̀. "Fóònù ẹ̀ ńkọ́? Pọ́ọ̀sì ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ẹ̀ wà. Ebi á lé e wálé. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ obìnrin, àfi kéèyàn máa rán wọn létí ẹni tó ni wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kí Rasim bá a rín in. Rasim ò rín. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì rọra ká àwọ̀n jọ.

"Ọkàn mi ò balẹ̀ nípa àwọ̀n tí mo dẹ sẹ́yìn erékùṣù," ló wí. "Ẹ jẹ́ n lọ wò ó. Perihan, fún àbúrò wa ní tíì."

Ó tú okùn ọkọ̀, ó sì wà á gba ẹ̀yìn ilé, níbi tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná ti ṣí sórí omi. Perihan mú Tarik jókòó sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó jẹ́ kó kẹ̀yìn sókun. Ó bu tíì fún un, ó tún bu òmíràn. Ó bi í nípa iṣẹ́, ó bi í nípa ìyá rẹ̀. Etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó dákẹ́ díẹ̀, tó tún dún, tó wá ń jìnnà.

Tarik bojú wẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà ti ń yọ lábẹ́ odi ahoro orí òkè. Orí méjì ló wà nínú ẹ̀.

Ó dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ta nìyẹn?"

"Feride ni."

"Ẹ̀yin? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún ọkọ yín?" Ó sún mọ́ ọn débi pé Perihan ń gbóòórùn tíì lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àlejò tó ń jẹun ti sọ ṣíbí kalẹ̀.

Perihan ò yẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti mọ Tarik, bí àbúrò ìyá kan náà ló ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, kò pè é ní "ẹ" rí.

"Oore tí ẹ ṣe fún wa, a ò ní gbàgbé láéláé, ọ̀gbẹ́ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n Feride kọ́ la máa fi san án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ palẹ̀ ẹrù yín mọ́."