Àwọn Ẹlẹ́ṣin Kì Í Sọ̀kalẹ̀

Ètò ọdún tó ń bọ̀ wà lára ògiri yàrá mi. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo kọ ọ́ sí, yíǹkì pupa ni mo fi kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé má baà lè sọ pé òun ò rí i. Oṣù kìn-ín-ní: eré mi á jáde nílé ìtẹ̀wé. Oṣù kẹta: màá gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà ní àdúgbò Fate, bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó lé mi dànù nítorí pé mo fi ogun kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Oṣù kẹjọ: Èkó. Oṣù kọkànlá: màá bẹ̀rẹ̀ ogun mìíràn.

Ogun orí tábìlì ni mò ń ṣe. Pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni, mo ya pápá àti igbó sórí rẹ̀, mo pín gbogbo rẹ̀ sí ojú kéékèèké bí afárá oyin. Ẹni méjì á jókòó, ọ̀kan á kó ọmọ ogun Ìlọrin, èkejì á kó ti Ìbàdàn, wọ́n á sì tún ogun Òṣogbo jà látìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń mú Ìbàdàn nígbà gbogbo, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ mú un nílùú Ìlọrin yìí. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní lúdò. "Sadiya ọmọ Alfa ń ṣe lúdò." Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá mi nìkan ni mi ò lè gbójú fò dá. Àlùfáà Àhmádù ni wọ́n, ilé kéwú sì ni agboolé wa láti ayé baba ńlá wọn. Láti kékeré mi, mi ò tíì gbé ohun gidi kan jáde nílé yìí láìjẹ́ pé Bàbá la àtẹ́lẹwọ́ sí i kí wọ́n ṣàdúà: ìwé ìdánwò mi, àpótí tí mo gbé lọ sílé ìwé gíga, títí dórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mọ́ńdè ni ilé ìtẹ̀wé tó wà nítòsí Post Office máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àláásárì, Bàbá wọ yàrá mi, wọ́n ka ètò náà tán lára ògiri, wọ́n ní eré náà ò ní gba ẹnu ọ̀nà àwọn jáde.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí a máa jà lórí rẹ̀ nìyẹn. Oṣù tó ṣáájú, dáìsì ni wọ́n bínú sí.

"Dáìsì, nínú ilé tí wọ́n ti ń ké Àlùkùránì! Ẹni tó bá ta á, ó dà bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ṣé o ò gbọ́ hádíìsì yẹn rí ni?"

Mo gbọ́ ọ rí. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ mi. Mo da dáìsì nù, mo ra ogójì ọmọ ayò lọ́jà Ipata, mo kun mẹ́wàá ní pupa, mo kó gbogbo wọn sínú àpò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ogun òun là á já, á ki ọwọ́ bọ àpò láìwo inú rẹ̀. Bó bá mú pupa, ọmọ ogun yẹn kú.

"Ìbò nìyí, Bàbá," ni mo wí nígbà náà. "Ànábì pàápàá máa ń dìbò láàrin àwọn ìyàwó wọn kí wọ́n tó rìnrìn àjò."

Bàbá wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀, wọ́n jáde. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní kéwú, ó yẹ kó mọ̀ pé ọmọ lè fi kéwú dá òun lóhùn lọ́jọ́ kan.

Ní Jímọ̀ yìí wá ńkọ́? Kò sí dáìsì mọ́. Ohun tó wà nínú wọn gan-an ló jáde.

"Nínú eré rẹ yìí, ṣé Ìlọrin lè ṣubú?"

"Ó lè ṣubú, Bàbá. Ó sì lè borí. Ọwọ́ ẹni tó ń ta á ló wà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ta á?"

"Á tó ogún."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni Ìlọrin borí?"

Mi ò lè parọ́ fún wọn. "Ẹ̀ẹ̀kan."

"Láìláà ílàláà! Ọmọ bíbí inú mi ló máa gbé ìtìjú wa lọ fi han ará Èkó! Tún un ṣe, kó jẹ́ pé Ìlọrin ló ń borí."

"Mi ò ní tún un ṣe."

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Inú tó ń bí mi ju ẹ̀rù tó ń bà mí lọ. "Bí Ìlọrin ò bá lè ṣubú, Bàbá, kì í ṣe ogun mọ́. Oríkì ni."

"Kí ni oríkì ṣe ọ́? Kí ni wọ́n ń kì ọ́ láràárọ̀ kó o tó mọ ọ̀nà ilé ìwé?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń kì mí. Ọmọ a-gẹṣin-má-sọ̀. Ọmọ ẹni tí ikú bá lórí ẹṣin. Baba ńlá wa kan ló bá ogun Òṣogbo lọ, tí kò padà wálé.

Bàbá mú ìwé òfin eré náà lórí tábìlì, wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Gbólóhùn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi wà níbẹ̀: *Ìlọrin ṣubú nítorí pé àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹṣin kì í jà nínú igbó.* Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo retí pé wọ́n á pariwo. Wọ́n gbé ìwé náà sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní.

"Ṣáà fi bí wọ́n ṣe ń ta á hàn mí."

"Bí ẹ bá borí, màá fa ètò tó wà lára ògiri yẹn ya."

"Tẹ́tẹ́ nìyẹn. Àsìtàgàfúrúlláhì. Gbé pátákó wá."

Mo tò ó. Mansur, káfíńtà tó ń gbẹ́ wàláà fún àwọn ọmọ kéwú wa, ló gbẹ́ àwọn ọmọ ogun náà. Ó gbẹ́ ẹṣin lọ́tọ̀, ó gbẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ́tọ̀, kí èèyàn lè gbé ọkùnrin náà kúrò lẹ́yìn ẹṣin kó máa fẹsẹ̀ rìn. Òfin tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn. Nínú pápá, kò sẹ́ni tó lè dá ẹlẹ́ṣin dúró. Ṣùgbọ́n nínú igbó, ẹni tó bá wà lórí ẹṣin, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ki ọwọ́ bọ àpò ikú yẹn. Bó bá sọ̀kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọmọdé lè ṣe ìṣirò rẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ọmọ Ìlọrin tó ti bá mi ta á, títí kan Mansur tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ wọn, orí ẹṣin ni wọ́n wà wọ igbó. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó wá ra ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ Mansur nìkan ló sọ̀kalẹ̀. Òun náà ló fi Ìlọrin borí lẹ́ẹ̀kan yẹn.

Bàbá yára kọ́ ọ. Nínú pápá, wọ́n lé mi bí ẹni ń lé adìyẹ nídìí ọkà sísá, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo sá wọ igbó. Wọ́n tẹ̀ lé mi.

"Bàbá, ẹ lè gbé wọn sọ̀kalẹ̀ níbí o."

Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹlẹ́ṣin àkọ́kọ́ lọ. Ìkejì lọ. Mo ń kó wọn kúrò lórí pátákó. Nígbà tó yá, ó ku Balógun, ọ̀gá àwọn ẹlẹ́ṣin, nìkan, ojú kan péré ló sì kù kó fi jáde nínú igbó.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa mú. Òfin gbà yín láyè."

Wọ́n fi ìka méjì di orí Balógun mú. Wọn ò gbé e. Wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ẹṣin rẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò. Ọmọ ayò lásán. Ọmọ ayò lásán. Ẹ̀kẹta pupa.

"Ìlọrin ṣubú," ni mo wí, mi ò sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí i. "Mọ́ńdè ni mò ń gbé e jáde, Bàbá. Bó bá jẹ́ láìsí àdúà yín ni, á dùn mí dọ́kàn, ṣùgbọ́n màá gbé e."

"Ta ló sọ fún ọ pé wọn ò mọ̀?"

Mi ò lóye.

"O sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n sọ̀kalẹ̀. Ṣé mi ò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan kéré sí ẹ̀ẹ̀mẹta ni? Mo mọ̀. Mo sì jókòó sórí ẹṣin mi." Wọ́n ti ìwé òfin sọ́dọ̀ mi, wọ́n fi ìka sórí gbólóhùn tí mo fẹ́ràn jù. "Jẹ́ kí wọ́n ṣubú bó o ṣe fẹ́. Ọlọ́run ló ni ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n mọ̀."

Ojú tì mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ka ẹṣin, tí mo fi ka igbó, kò wá sí mi lọ́kàn pé àwọn baba mi náà lè kà. Mo mú yíǹkì pupa tí mo fi kọ ètò ọdún, mo fa ìlà sórí *kò mọ̀ pé*, mo kọ *mọ̀ dájú pé* sókè rẹ̀. Mo ka gbólóhùn náà lápapọ̀. Kò bá ara rẹ̀ mu. Mo tún fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí ìparí rẹ̀: *wọn kò sì sọ̀kalẹ̀.*

"Ṣé ẹ máa ṣàdúà sí i ní Mọ́ńdè?"

Bàbá ti ń tún àwọn ẹṣin tò, ẹlẹ́ṣin kọ̀ọ̀kan lórí ẹṣin rẹ̀.

"Èmi mú Ìbàdàn," ni wọ́n wí. "Ìwọ mú Ìlọrin."

Mi ò mú un rí. Èmi tí mo kọ òfin, mo mọ bí wọ́n ṣe ń borí. Mo gba pápá kọjá, mo dé etí igbó, mo na ọwọ́ sí orí ẹlẹ́ṣin mi. Bàbá ń wo ọwọ́ mi.

Mo fi í sílẹ̀ lórí ẹṣin rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò lẹ́ẹ̀kan, mo ki í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kí n tó fa ẹ̀kẹta yọ, Bàbá ti la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí pátákó náà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àdúà.