Orí Bátìrì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Bàbá Olúsànyà jẹ́, ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kó ti wò ó, nígbà tó ṣì ní ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti paná ọkọ̀ báyìí nílé rẹ̀ ní Àpòmù, Bàbá á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á yọ sípánà lápò ṣòkòtò, á tú orí bátìrì, á sì fi àkísà wé e bí ẹni ń di ọgbẹ́. Olè ló wa ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ, láyé ìgbà tó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé Áńgílíkà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọkọ̀ tó sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò tú orí bátìrì rẹ̀. Ó ń fi yangàn fáwọn aládùúgbò, wọ́n sì ń mi orí fún un, torí ta ló fẹ́ bá tíṣà àgbà jiyàn tó ṣì fẹ́ tètè délé?

Olúkẹ́mi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ló ra ọkọ̀ tuntun kan fún Bàbá àti Adébímpé ìyàwó rẹ̀. Gíláàsì ńlá kan wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ tó gbé e wá, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń fa sípánà yọ, ó ní, "Bàbá, èyí ò fẹ́ kí wọ́n máa tú bátìrì ẹ̀ o. Kọ̀ǹpútà ló wà nínú ẹ̀, sà."

"Ṣé olè ò lè jí kọ̀ǹpútà ni?" ni Bàbá wí, ó sì tú u. Boaz, awakọ̀ tí wọ́n gbà, dúró tì í pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Lọ́jọ́ náà, Boaz ń gbé ìyàwó Bàbá lọ sípàdé àwọn ìyá ìjọ ní Ìbàdàn. Màmá Adébímpé jókòó sẹ́yìn, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. Wọn ò tíì jìnnà sí Ìkirè tí ọkọ̀ dúró gbagidi láàárín títì, tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò sì lè dúró mọ́. Màmá ò dé ọsibítù. Apá Boaz kán. Nígbà tó lanu, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ọkọ̀ yẹn kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí eré, sà. Gbogbo iná ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ fà á sẹ́bàá títì, kò dáhùn."

Bàbá ní irọ́ ni. Ó ní ọkọ̀ tuntun kì í kú. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Boaz, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún gbogbo èèyàn bí ẹni tó wà níbẹ̀: "O tòògbé! Orí ẹ tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ ẹ tẹ bíréèkì. Ìyàwó mi á ti pè ọ́, 'Boaz! Boaz!', o ò dá a lóhùn!" Ó sọ ọ́ ní ọsibítù, ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú, ó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, títí Àpòmù àti Ìkirè fi gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, Boaz náà ò bá a jiyàn mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó kúnlẹ̀ níwájú ìjọ Aládúrà tó ń lọ, ó jẹ́wọ́ pé òun sùn lórí ìdarí, òun sì pa ìyá oníyàá. Ó gbé ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ sórí pẹpẹ, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní wakọ̀ mọ́ láyé òun. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí Bàbá, ó ní, "Mo ti wí."

Ìjẹ́wọ́ yẹn nìkan ló ń jẹ́ kó rí oorun sùn. Ikú ìyàwó rẹ̀ ti sọ ilé di ahoro, ó ń se ọbẹ̀ tí kò lè jẹ, ó ń bá àga tó ṣófo sọ̀rọ̀. Ká ní ikú lásán ni, ì bá ti ya wèrè. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó lè bínú sí, ìbínú náà ló sì ń gbé e ró.

Ìgbà tí Olúkẹ́mi dé láti Ìbàdàn tòun ti àtẹ̀jíṣẹ́ tó rí lórí fóònù rẹ̀ ni nǹkan yí padà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ló kọ̀wé sáwọn tó rà á. Wọ́n ní sọ́fítíwíà tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlànà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń tẹ̀ lé, ní àbùkù tó lè mú kí ọkọ̀ kú lórí eré. Wọ́n ti tún un ṣe nínú ẹ̀dà 3.11, wọ́n sì ti ń fi í ránṣẹ́ sínú àwọn ọkọ̀ náà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti òjò tó kọjá. Ọkọ̀ á gbà á fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá paná rẹ̀ gbé e sílẹ̀. Kí oníkálukú ṣáà yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, kó mọ ẹ̀dà tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Bàbá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí i. "Láti òjò tó kọjá? Ìyá ẹ ṣì wà láyé nígbà yẹn. Ọkọ̀ wa á ti gbà á. Jẹ́ ká lọ wò ó, kẹ́nikẹ́ni má baà sọ pé mo parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ìkirè ni òkú ọkọ̀ náà wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti run, níbi tí Màmá jókòó sí, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ṣe iwájú. Bàbá ò wo ẹ̀yìn. Ó jókòó síbi tí Boaz máa ń jókòó, mẹkáníìkì so bátìrì mìíràn mọ́ ọn, gíláàsì náà sì tàn. Olúkẹ́mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń júwe ibi tí bàbá rẹ̀ máa tẹ̀, torí Bàbá ò gbà kí ẹlòmíì bá òun tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ọkọ̀, ó tẹ ibi tí ọkọ̀ ti ń sọ nípa ara rẹ̀, nọ́ńbà náà sì yọ síta: 3.9.

"Three point nine!" Bàbá pariwo. "Olúkẹ́mi, ó ju three point eleven lọ! Èyí táwọn ọmọ máa ń ṣì jù lọ rè é. Àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni point nine, mọ́kànlá péré ni point eleven! Ọkọ̀ yìí ti kọjá ibi tí wọ́n ń wí. Àlàáfíà ló wà! Boaz ló pa ìyá ẹ!" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́. Kò tíì dunnú bẹ́ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti sìnkú.

Olúkẹ́mi na ọrùn wọnú ọkọ̀. Ó wo gíláàsì náà, ó wo bàbá rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, sà."

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Ẹ ti rí i. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ mọ ojú akẹ́kọ̀ọ́ tó rí àṣìṣe tí kò fẹ́ sọ. Bàbá ní kó sọ ọ́. Ó tún ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó yá, Olúkẹ́mi gbójú sílẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe désímà, Bàbá. Bí orí àti ẹsẹ Bíbélì ni wọ́n ṣe ń kà á. Orí kẹta, ẹsẹ kẹsàn-án lẹ̀ ń wò yìí. Ẹsẹ kọkànlá ṣì wà níwájú. Ọkọ̀ yìí ò débẹ̀."

Ọwọ́ Bàbá tó wà lókè rọra sọ̀ kalẹ̀. "Á jẹ́ pé ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lóòótọ́," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ṣebí wọ́n ní á gbà á fúnra ẹ̀. Kí ló dé tí kò gbà á?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dìde."

Kò dìde. Ó tún tẹ gíláàsì náà nísàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń sọ ohun tó ti ṣe sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀dà 3.11 ti wọlé. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n paná. Kò parí, bátìrì já. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò parí, bátìrì já. Bàbá ń fi ìka fà á lọ sísàlẹ̀, ohun kan náà ló ń bá, ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, títí dé ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Sípánà rẹ̀ ṣì wà lápò ṣòkòtò, ó ń gún un nítan. Olúkẹ́mi ò sọ pé, "Mo wí fún yín." Ì bá sàn kó sọ ọ́.

"Gbé mi lọ sọ́dọ̀ Boaz," ni Bàbá wí.

Ẹ̀bá títì ní Ìkirè ni Boaz wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fọláṣẹwà ìyàwó rẹ̀ tó ń dín dòdò Ìkirè tà. Ó ń fi ọwọ́ kan gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀, torí apá kejì ò nà dáadáa mọ́. Bó ṣe rí Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Fọláṣẹwà ò kúnlẹ̀. Ó dúró ti epo gbígbóná, ó ń wo Bàbá.

Bàbá ṣí fìlà. "Boaz, dìde. O ò sùn. Ọkọ̀ yẹn ló kú, bó o ṣe wí. Oògùn ẹ̀ ti wọlé, èmi ni mi ò jẹ́ kó lò ó. Orí bátìrì tí mò ń tú yẹn ni. Èmi ni. Dárí jì mí."

Boaz fetí sí gbogbo rẹ̀, ó sì mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe yín. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Kì í ṣe àánú! Mo fojú ara mi rí i!"

"Mo sùn, sà. Tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń rò pé mi ò sùn. Ó ti yé mi báyìí. Mo rí i bí orí mi ṣe tẹ̀ síwájú, tẹ́sẹ̀ mi tẹ bíréèkì. Màmá ń pè mí, 'Boaz! Boaz!', mi ò dá wọn lóhùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ohùn wọn."

Bàbá mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni. Òun ló sọ ọ́ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó sọ ọ́ láìrí nǹkan kan, kò sì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó yí padà níbẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ohun tó ń wí, àbí?" ni Fọláṣẹwà sọ. "Ẹ̀yin lẹ gbé e sí i lórí. Ẹ bá mi gbé e kúrò níbẹ̀, sà. Bẹ́ ẹ ṣe gbé e sí i, ẹ gbé e kúrò."

Bàbá gbìyànjú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì tún un sọ látòkèdélẹ̀, orí kẹta, ẹsẹ kẹsàn-án, ẹsẹ kọkànlá, bó ṣe máa ń kọ́ ọmọ tí kò tètè lóye. Boaz ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Kò sí èyí tó wọlé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, Boaz mú dòdò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú epo jáde, ó fi ewé pọ́n ọn, ó sì fi ọwọ́ tó dáa gbé apá tí kò dáa ró, kó lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá. "Màmá fẹ́ràn ẹ̀, sà. A ò jẹ́ kọjá níbí láìdúró rà á. Tẹ́ ẹ bá dé ibojì wọn, ẹ bá mi gbé e fún wọn. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Bàbá gbà á, nítorí kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Nínú ọkọ̀ Olúkẹ́mi, ó gbé e lé itan, epo ń jò wọ ṣòkòtò rẹ̀ níbi tí sípánà wà. Nígbà tí wọ́n dé oríta tó lọ síbi ibojì, Olúkẹ́mi dẹ ẹsẹ̀, ó bi í bóyá kóun yà. Bàbá ní kó má yà. Kò mọ ohun tó fẹ́ lọ sọ níbẹ̀ lórúkọ Boaz.