Ẹ̀rọ Tí Kì Í Gba Pẹ́ńsù Lọ́wọ́ Òsì

Ẹ̀yin tá a jọ wà ní ìsọ̀, ẹ fi ayùn yẹn sílẹ̀ ná, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá lóru àná fún yín kí oòrùn tó gbé e lọ, nítorí mo mọ ara mi. Tó bá fi máa di ìgbà tí a bá jẹun ọ̀sán, màá ti gbàgbé ibi tó dùn níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ni mo sábà máa ń lá. Mo lá a pé mo ń fá pákó ní ìsọ̀ bàbá mi ní Ìkìrun. Èérún igi tó ń jáde lẹ́nu irin ń ká, ó ń gùn, kò já. Ó gùn títí ó fi di títì, títì náà sì ní gọ́tà lọ́tùn-ún àti lósì. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e. Kò jọ mí lójú rárá. Ohun tí mo kàn ń rò ni pé ó dára bí wọ́n ṣe fi ìrókò ṣe títì yìí, kò ní tètè bàjẹ́.

Títì náà gbé mi wọ inú ilé kan. Bí mo ṣe wọlé, mo yí padà láti pa ilẹ̀kùn dé, mi ò rí ilẹ̀kùn. Pákó ni ògiri ilé náà láti òkè délẹ̀, kò sí fèrèsé, kò sí ibì kankan téèyàn lè gbà jáde. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ ṣá o. Mi ò mọ ibi tó ti ń wá, mi ò sì wá a.

Mo wá gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Ikọ́ bàbá mi ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá mi nígbà ayé rẹ̀, ẹ mọ ikọ́ náà. Á wú u lẹ́ẹ̀mejì, á wá dákẹ́ bíi pé ó ń retí kí ẹnì kan dáhùn.

Ó ní, "Àkànní."

Mo ní ẹ káàbọ̀, sà. Ó ní òjò ti ṣú, kí n ṣílẹ̀kùn fún òun. Mo ní ilé yìí kò ní ilẹ̀kùn.

"Ṣé ìwọ kọ́ ni káfíńtà ni?" ni bàbá mi wí. "Ya ọ̀kan sára ògiri, kí n ráyè wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání lójú mi. Pé bàbá mi ti kú tipẹ́ kò wá sí mi lọ́kàn. Inú mi kàn ń dùn pé ó wá ni. Mo fẹ́ kó wọlé, mo fẹ́ kó jókòó, kó wò mí dáadáa, kó rí bí mo ṣe dà. Ó ń ṣe mí bíi pé tí kò bá wọlé, mi ò ní lè ṣe nǹkan kan mọ́ láyé mi. Mo nawọ́ sẹ́yìn etí, mo fa pẹ́ńsù mi yọ, mo gbé e sára ògiri, kò kọ. Ẹnu rẹ̀ ti kú pátápátá. Nínú gbogbo àlá náà, ohun kan ṣoṣo tó yà mí lẹ́nu nìyẹn, nítorí èmi kì í fi pẹ́ńsù tí ẹnu rẹ̀ kú sétí.

Mo wá ọ̀bẹ, kò sí. Àpótí ìjókòó kan tó wà nílẹ̀ ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ó ní Ọ́fíìsì Ẹnu Pẹ́ńsù ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, kí n wòkè. Mo wòkè, mo rí okùn kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú àjà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn bí ẹni ń fami nínú kànga, àmọ́ ńṣe ni ohun tí mo ń fà ń bọ̀ wálẹ̀. Odindi ọ́fíìsì ló wà lẹ́nu okùn náà, tòun ti tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù, fáànù sì ń yí lókè rẹ̀. Ó ń léfòó nínú yàrá, kò kanlẹ̀. Ẹ má bi mí bí ọ́fíìsì ṣe wọ ilé tí kò nílẹ̀kùn. Èmi náà kò bi ẹnikẹ́ni.

Mo gòkè wọnú rẹ̀. Àwọn akọ̀wé kún ibẹ̀, kálukú mú pẹ́ńsù dání, kò sì sí èyí tí ẹnu rẹ̀ mú nínú gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Òjédìran, ọkùnrin kan tó sanra, tó wọ kóòtù, dìde kí mi. Ó ní mo kú ewu títì ìrókò. Mo ní ọpẹ́ ni. Ó mú mi lọ sídìí tábìlì rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ kan hàn mí.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù ni, irú èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ tábìlì ní iléèwé láyé ọjọ́sí. Irin dúdú ni gbogbo ara rẹ̀. Ihò tí wọ́n ń ki pẹ́ńsù bọ̀ wà lápá òsì, ọwọ́ irin tí wọ́n ń yí wà lápá ọ̀tún. Bí wọ́n bá ń yí i, ọ̀bẹ méjì tó lọ́ bí okùn á máa yí pẹ́ńsù ká nínú lọ́hùn-ún, wọ́n á máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, èérún rẹ̀ á sì máa bọ́ sínú àpótí kékeré kan nísàlẹ̀. Mo wò ó, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ṣe é fara balẹ̀ ronú.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi gbẹ́ tèmi kíá, bàbá mi wà níta.

Ọ̀gá mirí. Ó ní ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó pe akọ̀wé obìnrin kan tó ń jẹ́ Arinọlá pé kó gbẹ́ pẹ́ńsù kí n fi ojú ara mi rí i. Arinọlá fi ọ̀tún di ọwọ́ irin mú, ó fi òsì na pẹ́ńsù sí ihò. Kò tíì yí i tí ẹ̀rọ náà fi pa ẹnu dé.

"Ta ló ń fi ọwọ́ òsì fún mi lóúnjẹ?" ni ẹ̀rọ náà wí. Ohùn àgbàlagbà ni, kò pariwo. "Ṣé bí ẹ ṣe ń fún àgbà ní nǹkan nílé yín nìyẹn?"

Arinọlá kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Mo gbà pé ẹ̀rọ náà ló jàre. Àwa tá a wà níbí yìí náà, ta ló máa fi òsì gbé àwo oúnjẹ fún bàbá rẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni Òjédìran ṣàlàyé fún mi pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti de ẹ̀rọ náà mọ́ tábìlì ni ọ̀rọ̀ ti rí báyìí. Níbi tí wọ́n bí ẹni tó ṣe é sí, ọwọ́ tó bá wu èèyàn ló fi ń fún àgbà ní nǹkan. Kò mọ̀ pé tí ẹ̀rọ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ó máa dàgbà, ó sì máa kọ́ ìwà wa. Ló bá gbé iṣẹ́ yíyí fún ọ̀tún, ó fi oúnjẹ sílẹ̀ fún òsì.

Mo bi wọ́n pé tí wọ́n bá gba òdì kejì tábìlì ńkọ́, kí ihò lè bọ́ sí ọ̀tún wọn. Wọ́n ní àwọn ti dán an wò. Òsì wọn kò gbọ́ iṣẹ́, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, pẹ́ńsù á sì kán sí ẹ̀rọ lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn tún ti ní kí ẹnì kan máa fún un, kí ẹlòmíràn máa yí i. Ìyẹn náà kò gún, torí ẹni tó ń yí i kò mọ ìgbà tí pẹ́ńsù mú, ẹ̀rọ jẹ ẹ́ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìka mọ́ ọn. Ẹnì kan náà ló gbọ́dọ̀ ṣe méjèèjì, kí ọwọ́ kan lè máa gbọ́ ohun tí èkejì ń sọ.

Mo ní kí ni wọ́n wá ń ṣe látọjọ́ yìí. Ọ̀gbẹ́ni Òjédìran ní eyín ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, ó sì ti pẹ́ńsù rẹ̀ bọ ẹnu, ó ń rún un. Bó ṣe ń rún un ni irùngbọ̀n ń yọ lágbọ̀n rẹ̀. Ìwo méjì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, ọ̀gá ti di òbúkọ, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń bá ìpàdé lọ. Àwọn akọ̀wé náà ki tiwọn bọ ẹnu, wọ́n ń di ewúrẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó bínú. Òbúkọ náà bi mí ní nǹkan kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó jọ pé ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn, nítorí ó ju ìrù. Múfútáù, má rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ni.

Ìgbà yẹn ni òjò bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ lára pákó. Bàbá mi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ẹ̀rù wá bà mí. Mo rò ó pé tó bá rẹ̀ ẹ́ láti dúró, á yí padà, á máa lọ, mi ò sì ní mọ ibi tí màá wá a gbà.

Ẹ̀rọ náà kò ní ojú, àmọ́ ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ, kí lo fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn fún?"

Kì í ṣe pé mo fi pamọ́. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan nínú yín kò mọ̀, òsì ni mo lò wáyé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òsì ni mo fi ń jẹun, òsì náà ni mo fi ń di òòlù mú. Bàbá mi ya aṣọ àǹkárá ìyá mi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi í so ọwọ́ náà mọ́ mi níbàdí láàárọ̀, á tú u lálẹ́, títí ọ̀tún fi kọ́ iṣẹ́. Kì í ṣe ìkà. Kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọ̀tún ni mo fi ń ṣiṣẹ́ títí dòní, ẹ sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìlà mi máa ń wọ́.

Nínú àlá yìí, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé aṣọ náà ṣì wà lọ́rùn-ọwọ́ mi. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ni, ó ní ẹyẹ lára. Mo fi ọ̀tún tú u, kò tú. Mo fi eyín fà á, mo sì tètè jáwọ́ nígbà tí àgbọ̀n mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kókó tí bàbá mi bá ta, ẹlòmíràn kì í rí i tú.

Ojú igi kan, ibi tí ẹ̀ka ti yọ rí lára pákó, ti jábọ́ lára ògiri, ó fi ihò róbótó sílẹ̀. Ihò náà kò tóbi ju ti ẹ̀rọ lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú ọ́fíìsì, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo ki ọwọ́ òsì mi síbẹ̀, ọwọ́ sì gba inú rẹ̀ kọjá bọ́ síta. Òjò bà á.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ bá mi tú u."

Mo mọ ìka rẹ̀ lára mi, ó tutù, ó le bó ṣe máa ń le. Ó ń wá ojú kókó náà. Ó pẹ́ kó tó rí i.

"Àkànní," ó ní, "mo rò pé mo ti tú u tipẹ́."

Omi ń bọ́ lójú mi, ọ̀kan lára àwọn ewúrẹ́ sì wá dúró tì mí. Mo ní kò sí nǹkan, sà.

"Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí o fi ṣe é," ni bàbá mi wí. "Yára, òjò ń pa mí."

Aṣọ náà bọ́. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo gba òdì kejì tábìlì. Mo fi ọ̀tún mú pẹ́ńsù, mo tẹrí ba, mo fún un. Ó la ẹnu. Mo fi òsì yí ọwọ́ irin. Kò ṣìṣe, kò gbọ̀n, ó ń yí i bíi pé kò ṣe ohun mìíràn rí láyé. Ẹ̀rọ ń jẹun. Èérún pẹ́ńsù ń jáde nínú àpótí ìsàlẹ̀, ó ń fò bí labalábá, àwọn ewúrẹ́ ń fò mọ́ ọn, wọ́n ń já a jẹ. Mo bi ẹ̀rọ pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó tó. Ó ní ọwọ́ òun á fúyẹ́. Lóòótọ́, bí mo ṣe ń yí i lọ, ọwọ́ irin náà kàn fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo fa pẹ́ńsù yọ, ẹnu rẹ̀ mú ṣọnṣọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi òsì ya ilẹ̀kùn náà sára ògiri. Ìlà tó ti òkè wá sílẹ̀ gún régé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó yẹ kí ẹ rí ìlà yẹn. Mo ya ibi tí wọ́n ti ń dì í mú, apá òsì ni mo yà á sí. Mo dì í mú, igi gidi ni. Mo ṣí i.

Bàbá mi dúró níbẹ̀, fìlà rẹ̀ rin, ó ń ká aṣọ àǹkárá náà kékeré lọ́wọ́ bí ẹni fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó wo ilẹ̀kùn náà láti òkè délẹ̀, bó ṣe máa ń wo iṣẹ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ó gún."

Ibẹ̀ ni mo ti jí. Òjò ń rọ̀ sórí páànù, ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lé ọwọ́ òsì mi, ó ti kú sábẹ́ mi, mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo fi ọ̀tún gbé e sórí àyà, mo ń fi ọ̀tún ra á láti èjìká títí dé ọrùn-ọwọ́, ó ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ń tan sítóòfù. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá Morádékẹ́, kí ló ṣe ọwọ́ yẹn?"

Mo ní mo sùn lé e lórí ni. Ó bi mí bóyá ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Mo wo àwọn ìka náà bí wọ́n ṣe ń mì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ti pẹ́," ni mo wí, "àmọ́ ó ti ń jí."