Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Inú Ìwé Kòròlà

Ọwọ́ Bàbá Fákúnlé, ọ̀gá mi, kì í ṣe ọwọ́ lásán. Tí bàbá yìí bá di nọ́ọ̀tì, erin méjì àti katapílà kan ò lè tú u. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tún mọ́tò ṣe létí títì Apákun, kò sì wo ìwé rí. "Máa fà á títí ara rẹ̀ á fi sọ fún ẹ pé ó tó," ohun tó kọ́ èmi Sherifdeen nìyẹn, èmi tí ìwé mi tán ní JSS 2.

Àmọ́ lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ kan tá a ṣe padà wá, omi ń jáde lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí odò Ọ̀ṣun. Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, ó ní, "Ọwọ́ mi ti darúgbó." Ló bá kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Ó ní bí òun bá ti parí Kòròlà Ìyá Tiwaladé, òun ń padà sílé, Ìkìrun yá.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, torí ẹ ò lè nà mí láti ibi tẹ́ ẹ wà. Lọ́jọ́ tá a ṣe ọkọ̀ olómi yẹn, Bàbá lọ kírun Alásárì, ó ní kí n dúró de òun. Mi ò dúró. Mo fa nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó kù títí mo fi ń rí ìlú London lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí omi jáde, mo ń sọ fún ara mi pé ohun tó bá le kì í jò, àmọ́ ọkàn mi ò gbà. Ìtìjú dí mi lẹ́nu.

Kí Bàbá má baà lọ, kó lè rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ò yí padà, mo ra sípánà tó ń fi nọ́ńbà ka bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó lọ́jà Ládípọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀kì. Ìyá Tiwaladé, tísà físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì tó ń gbé ní Ire-Akari, mú ìwé àtúnṣe ọkọ̀ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Mo ṣí ibi tó ti sọ bí a ó ṣe di orí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n kọ 500 síbẹ̀.

Mo wo tọ́ọ̀kì. Nọ́ńbà tiẹ̀ parí sí 150.

"Bàbá," mo ní, "wọn ò di afárá Third Mainland gan-an tó báyìí, sà."

"O rí i bí?" ni Bàbá wí. "Ìwé náà ò fẹ́ arúgbó." Ó nawọ́ sí àpò rẹ̀.

Ìyá Tiwaladé gba ìwé lọ́wọ́ mi. "Sherifdeen, tí mo bá ní kó o lọ ra gàrí mẹ́ta wá, kí lo máa rà?"

"Àpò mẹ́ta, mà. Ẹ̀yin kúkú lẹ máa sanwó."

"Olè. Kóńgò mẹ́ta ńkọ́? Nọ́ńbà lásán kì í sọ̀rọ̀, wo ohun tó tẹ̀lé e." Ó fi èékánná tọ́ka sí àwọn lẹ́tà tó kéré bí ẹyin iná orí. "Kílò àti sẹ̀ǹtímítà nìyí. Tó o bá fi agbára kílò kan fa sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, ọ̀kan nìyẹn. Tìẹ, fúùtù àti pọ́n-ùn ló ń kà. Kóńgò tìẹ tóbi ju tìwé lọ, ìyẹn ni nọ́ńbà rẹ̀ ṣe kéré."

"Ta ló ní sípánà sẹ̀ǹtímítà kan, mà? Èèrà?"

"Ìdí nìyẹn tá a fi máa lo ọ̀pá sípánà gígùn. Àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà, kílò mẹ́wàá. Àádọ́ta lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ mélòó?"

Mo rò ó títí irun orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta," Bàbá ló dáhùn látẹ̀yìn.

Kílò ò sì wọ́n wa ní Apákun. Àwọn tó ń lọ pápákọ̀ òfúrufú ń bẹ̀rù kílò ju bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́run lọ, torí náà ni Fàthíà ṣe jókòó sétí títì, tó ń fi òṣùwọ̀n tó ní ìkọ́ bá wọn wọn báàgì. Mo sáré lọ yá òṣùwọ̀n náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá Sherif, kí lẹ fẹ́ fi wọ̀n? Irọ́ yín?"

"Ìyẹn máa já a."

Ìyá Tiwaladé fi tépù télọ̀ wọn ọ̀pá, ó fi ìkọ́ há ibi àádọ́ta. "Bàbá, ẹ fà á bí ẹ ṣe máa ń fà á. Ẹ má wojú òṣùwọ̀n."

Bàbá kọjú sí títì, ó di òṣùwọ̀n náà mú, ó fà á, ó dúró. Mo wò ó: mẹ́wàá. Nọ́ọ̀tì kejì, mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta, mẹ́sàn-án àbọ̀. Ó tún fà á díẹ̀, mẹ́wàá. Mo gbé tọ́ọ̀kì mi lé e. Mẹ́rìndínlógójì ni tiẹ̀ kà. Ohun kan náà ni òun àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta inú ìwé, Ìyá Tiwaladé ní.

"Tísà," Bàbá ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ṣé ọwọ́ mi ò tíì bàjẹ́?"

"Bàbá, ọwọ́ yín ti ń ka ìwé yìí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi. "Ẹ jẹ́ kémi náà fà á."

"Kì í ṣe lára ọkọ̀ olọ́kọ̀," Bàbá ní. "Lọ síbi nọ́ọ̀tì àtijọ́ tí fáìsì di mú yẹn."

Mo fà á bí mo ṣe máa ń fà á. Òṣùwọ̀n kà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

"Èyí tó bá le tó báyìí ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, tí omi fi ń jò," Ìyá Tiwaladé ní. Bàbá wo òṣùwọ̀n, ó wò mí. "Sherifdeen. Ìrun Alásárì."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ olóyìlì. "Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni, sà. Ẹ dárí jì mí."

"Oṣù kan gbáko," Bàbá ní, "ni mo fi ń fi àbọ́níkì pa ọwọ́ tí nǹkan kan ò ṣe."

Ìyá Tiwaladé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpò rẹ̀, mo ṣebí Ìkìrun ló ń lọ. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irinṣẹ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n kọ́ ìṣó wọn padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló gbé ọ̀pá fún mi.

"Fà á kó jẹ́ mẹ́wàá, láìwojú òṣùwọ̀n. Tó o bá gbà á nígbà ọgọ́rùn-ún, wá jẹun."

Mo wà lórí mọ́kàndínláàádọ́ta nígbà tí Fàthíà wá gba òṣùwọ̀n rẹ̀, ó ní ẹni tó ń lọ Dubai ń dúró. Bàbá ní, "Lọ bá mi bẹ̀ ẹ́, sọ fún un pé mo ṣì ń kọ́ ọmọ mi níṣẹ́ lọ́wọ́."